Ikọ́, Ìkọ́, Ikọ̀

Àtẹ̀gùn ilé àyẹ̀wò náà jẹ́ eegun ẹ̀yìn ìyá mi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ lé ìpele ìsàlẹ̀, nítorí pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì mì díẹ̀, bí ẹni tí a fọwọ́ kàn láìròtẹ́lẹ̀. N kò bẹ̀rù. Mo bọ́ bàtà mi, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì fi ẹsẹ̀ lásán gùn ún, nítorí kò yẹ kí ọmọ fi bàtà tẹ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn.

Ní àárín àtẹ̀gùn náà, àwọn ìpele kan ti rún mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó wà lókè wọn ti tẹ̀ síwájú, ibẹ̀ sì yọ gọngọ sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yìn ìyá mi ṣe yọ gọngọ kí ó tó kú. Mo fi àyà wọ́ kọjá. Inú eegun tí ó rún náà funfun, ó sì rọ̀. Nígbà tí mo fi ìka kàn án, ó fọ́ bí wàràkàṣì. N kò tọ́ ọ wò, nítorí náà ìrísí rẹ̀ nìkan ni mo ń sọ, n kò sọ adùn rẹ̀.

Lókè àtẹ̀gùn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà sì jẹ́ ìfun. Ó gùn, ó ń ká bọ ara rẹ̀, ògiri rẹ̀ tutù, ó sì ṣẹ́ léra bí aṣọ tí a kò lọ̀. Ọ̀sán ni. Oòrùn ń wọlé láti ibì kan tí n kò rí. Àwọn ènìyàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì lápá méjèèjì, wọ́n ń dúró de èsì. Àwọn kan tẹ̀ lẹ́yìn, àwọn kan wú níkùn, àwọn kan sì jẹ́ méjèèjì. Wọ́n kí mi, mo kí wọn. Ọkùnrin kan ní kí n má fi ara gbá ògiri, nítorí pé ògiri náà kò tíì jẹun.

Ìyá mi jókòó ní ibi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ti fún jù lọ. Ó ti kú láti ọdún tí afárá odò wa wó, ṣùgbọ́n ó jókòó níbẹ̀, ó ká ọwọ́ sórí ikùn rẹ̀ tí ó wú, ó sì dorí kodò, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè gbé e sókè.

"Àwẹ̀ró, o pẹ́," ni ó wí.

"Ẹ má bínú, Ìyá mi. Àtẹ̀gùn ló ti rún lójú ọ̀nà."

"Ta ni o ń sọ fún? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yìn mi ni?"

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí, ní ìwọ̀n tí mo mọ̀ ọ́n. Nínú ẹbí bàbá mi, inú ilé ni a ń sin àgbà sí, kí wọ́n lè máa gbọ́ ohùn ọmọ wọn. Ìyá mi kò rí ilé sùn. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó sọnù nígbà kan, wọ́n sì ní kí gbogbo ìyàwó ilé búra. Ìyá mi fi ahọ́n kan irin, ó ní òun kò mú un. Nígbà tí ó pẹ́, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó sì tẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ikùn rẹ̀ wú, oúnjẹ kò sì gbà á mọ́. Àwọn ẹbí wí pé irin náà ni ó mú un. Wọ́n ní ó mú un lẹ́yìn, ó sì tún mú un níwájú, kí ó má bàa rí ibi yà sí. Nígbà tí ó kú, wọ́n gbé e lọ sínú igbó ní òdì-kejì odò. Yàrá rẹ̀ ṣófo, ewúrẹ́ ni wọ́n sì ń so síbẹ̀.

"Bàbá Àdìó ti ránṣẹ́ sí mi," ni ìyá mi wí. Bàbá Àdìó ni olórí ẹbí wa. "Ó ní bí èsì bá fi hàn pé àìsàn lásán ni ó pa mí, kí n máa bọ̀ wá sí yàrá mi. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí n padà sí òdì-kejì odò, kí n má sì tún yọjú sí ọmọ mi kankan mọ́, ì báà jẹ́ lójú oorun."

"Kí ni èsì náà wí?"

"Ó ti wí i. Kò tíì sí ẹni tí ó gbọ́ ọ."

Mo fà á lọ́wọ́ dìde. Ó fúyẹ́ ju bí mo ti rò lọ.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gbé wa lọ fúnra rẹ̀. Ó ń sún, ó ń sọ̀, bí ìfun ti ń ṣe, a sì bá ara wa ní ẹnu ọ̀nà méjì tí ó kọjú síra. Ọ̀kan jẹ́ Yàrá Ẹ̀yìn, èkejì jẹ́ Yàrá Inú. Nínú Yàrá Ẹ̀yìn, àwọn eegun dúró ṣánṣán lórí pẹpẹ, a fi ìda bo olúkúlùkù. Nínú Yàrá Inú, àwọn ìfun ká jọ sínú ìgò, wọ́n ń kùn.

"Ṣé ẹ ti dáná?" ni ìfun kan bèèrè.

"Oúnjẹ nìkan ni wọ́n mọ̀," ni eegun kan wí láti òdì-kejì. "Láti àárọ̀, oúnjẹ, oúnjẹ."

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹun, kí ni ẹ fi ń dúró? Ṣé afẹ́fẹ́ ni?"

"Àpọ́nlé ni a fi ń dúró. Ẹ lè má mọ̀ ọ́n. Kì í gba ọ̀fun lọ."

Dókítà Ògúnṣakin jáde sí wa. Obìnrin ni, ó ga, ọwọ́ rẹ̀ kan dúdú fún aró títí dé ìgúnpá, ọwọ́ kejì sì pupa fún osùn. Ó ní òun ń pa ẹran ara láró ni, kí ó lè hàn sí ojú. Ó kí ìyá mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ẹ̀yin ni Ìyá Ẹlẹ́yìn?" ni ó bèèrè.

"Èmi ni."

Ó wo ikùn ìyá mi. "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ̀yin náà ni Ìyá Oníkùn?"

"Èmi náà ni. Ara mi kò pé méjì."

Dókítà náà fi ọwọ́ aró gbá iwájú orí ara rẹ̀, àmì rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí. Ó ṣàlàyé fún wa pé láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà, yàrá méjèèjì kò kí ara wọn. Bí wọ́n bá gé ẹran ara láti ẹ̀yìn aláìsàn, Yàrá Ẹ̀yìn ni ó ń lọ. Bí wọ́n bá gé e láti inú, Yàrá Inú ni. Ó ní òun ti ń fi ọ̀bẹ fẹ́lẹ́ gé wọn, òun sì ti ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìgbà pípẹ́, ojú òun sì ti ń rí ohun kan tí ó jọra nínú yàrá méjèèjì, ṣùgbọ́n òun kò rò pé ara ènìyàn kan náà ni wọ́n ti wá.

"Kí ni ohun náà?" ni mo bèèrè.

"N kò ní àṣẹ láti pè é. Òfin ilé yìí ni pé ẹ̀rọ ni yóò sọ ọ́, ọmọ aláìsàn ni yóò sì fi ohùn sí i."

Òfin náà kò ṣàjèjì sí mi nígbà náà. Mo mi orí, mo ní ó dára.

Ẹ̀rọ náà wà ní àárín yàrá kẹta. Ẹ̀rọ tí a fi ń wo ohun tí ojú lásán kò rí ni, ṣùgbọ́n ó ga bí ẹṣin, ó ní ojú kan, ó sì tẹ ọrùn wálẹ̀. Bàbá Àdìó ti jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Ìyá Gbádébọ̀ wà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí ó kọ́kọ́ sọ pé irin ni ó mú ìyá mi. Ó fi okùn fa ewúrẹ́ kan lọ́wọ́.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo bèèrè ohun tí ewúrẹ́ wá ṣe.

"Òun ni ó ń gbé yàrá náà," ni Ìyá Gbádébọ̀ dáhùn. "Ẹjọ́ yìí kàn án ju bí ó ti kàn ọ́ lọ."

Ewúrẹ́ náà kí mi dáadáa. Ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Bàbá Àdìó fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Dókítà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yín tún un sọ. Etí wa ti dàgbà."

Dókítà náà tẹ ẹ̀rọ náà léjìká. Ẹ̀rọ náà la ojú rẹ̀, ó sì wí pé:

"Iko."

Mo kọ ọ́ bí mo ti gbọ́ ọ. Òkè òkun ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà. Ó gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n kò kọ́ ohùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gòkè, kò sì lọ sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì yà tó bí ó ti yẹ. Gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí pákó.

"Ẹ gbọ́!" ni Ìyá Gbádébọ̀ kígbe. "Ìkọ́! Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Ìkọ́ ni irin náà fi kọ́ ọ lẹ́yìn tí ó fi tẹ̀."

Bí ó ti pe ọ̀rọ̀ náà, ìkọ́ irin kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà. Ó fi ọ̀wọ̀ kọ́ ìyá mi ní ẹ̀yìn búbà, ó sì gbé e kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi kò pariwo. Ó ń rọ̀ níbẹ̀, ó ń wò wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń mì bí ẹsẹ̀ ọmọdé lórí àga gíga.

"Kì í ṣe ìkọ́," ni Bàbá Àdìó wí. "Etí mi kò tan mí. Ikọ̀ ni ó wí. Ikọ̀ ni wọ́n rán wá mú un nítorí ìbúra."

Bí ó ti pè é bẹ́ẹ̀, ikọ̀ dé. Ọkùnrin mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n fá apá kan orí wọn, wọ́n sì jẹ́ kí irun apá kejì wà. Wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà, omi odò ń kán lára wọn. Olórí wọn ní àwọn kò kánjú, pé kí a kàn sọ fún àwọn nígbà tí a bá ṣe tán, kí àwọn lè máa gbé ìyá náà lọ.

Gbogbo wọn wá wò mí. Ọ̀rọ̀ kan wà ní ọ̀fun mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ní ilé yẹn, bí a bá ti pe nǹkan ni ó ń rí. Bí mo bá ṣi ohùn náà pè, mo lè pe ohun tí a kò ní rí ojútùú rẹ̀ mọ́.

"Mo rò pé," ni mo wí jẹ́jẹ́, "mo rò pé ikọ́ ni ó ń sọ."

Mo rọra sọ ọ́ débi pé kò kúrò ní ètè mi. Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìyá Gbádébọ̀ sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ikọ́ wo? Àwẹ̀ró, ṣé ìyá rẹ húkọ́ rí?"

"Rárá, Mà."

"Ní òwúrọ̀ ńkọ́? Nígbà ọyẹ́ ńkọ́?"

"Kò húkọ́ rí, Mà."

"Ẹ wá gbọ́ o! Ẹni tí kò húkọ́ rí, ikọ́ ni ó pa á. Ìyẹn ni pé ẹni tí kò gun ọ̀pẹ, orí ọ̀pẹ ni ó ti já bọ́." Ó nu ojú rẹ̀. "O fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ìdajì, o fẹ́ fi ìdajì tí o kà kó àbùkù bá wa. Ewúrẹ́, ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́," ni ewúrẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n n kò tíì dá ẹjọ́."

Ohun tí ó sọ jẹ́ òtítọ́, ìyẹn ni ó sì mú kí ó le. Ìyá mi kò húkọ́. Bóyá nítorí ìyẹn ni ẹnikẹ́ni kò fi ronú kan ikọ́, irú tí a ń pè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, nígbà tí ó wà láàyè. Mo yí sí dókítà náà. N kò fẹ́ bi í ní ohun tí òfin kò jẹ́ kí ó dáhùn, nítorí náà mo ṣa ọ̀rọ̀ mi.

"Ẹ jọ̀wọ́, Mà. Ǹjẹ́ kòkòrò kan ṣoṣo lè jẹ eegun ẹ̀yìn, kí ó sì tún jẹ ìfun?"

"Ó lè jẹ ibikíbi tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé e dé."

"Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀fun ni àwọn bàbá wa ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ ńkọ́?"

Dókítà náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n máa fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ni ó ń pariwo, kòkòrò náà lè má pariwo."

Ó ní kí n wá wò ó. Mo gbé ojú mi lé ojú ẹ̀rọ náà. Mo rí odò aró kan, ó fẹ̀, ó sì parọ́rọ́. Nínú aró náà ni àwọn ọ̀pá tín-ín-rín wà, pupa bí osùn, wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ẹni tí ó ń sinmi ní ilé onílé. Ní apá mìíràn, àwọn ẹ̀yà ara kéékèèké ti pagbo yí nǹkan funfun kan ká, bí ìdílé tí ó yí àwo wàrà ká. Ọ̀kan láàárín wọn tóbi ju àwọn yòókù lọ, ó ní ojú púpọ̀, àwọn ojú náà sì tò bí pátákò ẹṣin. Ó wò mí pẹ̀lú gbogbo wọn.

"Eegun ẹ̀yìn nìyẹn," ni dókítà náà wí. Ó pààrọ̀ gíláàsì. "Ìfun nìyí."

Mo tún wò. Odò aró kan náà ni. Ọ̀pá pupa kan náà ni. Ìdílé kan náà sì yí àwo ká.

"Ẹ kó wọn sórí gíláàsì kan ṣoṣo," ni mo wí. Ohùn mi yà mí lẹ́nu.

Ariwo ta. Àwọn eegun ní àwọn kò lè sùn ti ìfun, nítorí òórùn. Àwọn ìfun ní eegun yóò gún àwọn. Pẹpẹ ń mì, ìgò ń lu ìgò. Dókítà náà bẹ̀ wọ́n títí, ó fi ọwọ́ pupa bẹ ìhín, ó fi ọwọ́ dúdú bẹ ọ̀hún. Wọn kò gbà.

Ìyá mi sọ̀rọ̀ láti orí ìkọ́ tí ó ti ń rọ̀.

"Ẹ dákẹ́ níbẹ̀ yẹn. Ta ni ó fún yín ní ọmú?"

Ohun gbogbo dákẹ́.

"Ẹ̀yin tí mo fi omi ẹ̀kọ gbígbóná tọ́, tí mo fi òróró pa, tí mo gbé lọ sóko, tí mo gbé bọ̀. Ara mi ni yín. Ẹ sùn ti ara yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," ni wọ́n wí.

Eegun rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ láti orí pẹpẹ. Ìfun rẹ̀ jáde láti inú ìgò. Dókítà náà gé wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì tẹ́ wọn sórí gíláàsì kan. Wọ́n yíjú sí ara wọn.

"A! Ìwọ ni?" ni eegun náà wí.

"Èmi ni. Ṣé ibi tí o wà nìyí láti ọjọ́ yìí?"

"Mo rò pé èmi nìkan ni ó ń ṣe."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀."

Bàbá Àdìó ti dìde dúró. Ó fi ara ti ọ̀pá rẹ̀, ó sì wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ bí àgbà ti ń wo àgbà. "Àwẹ̀ró, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. N kò kórìíra ìyá rẹ. Bí ó bá jẹ́ ikọ́, kí ó húkọ́ kí etí mi gbọ́. Bí n kò bá gbọ́ ọ, ikọ̀ yóò gbé e."

Àwọn ọkùnrin mẹ́fà náà gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ilẹ̀ tutù níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

Mo ronú nípa ohùn náà. Àárín ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, bí ìkọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti gòkè ní ìparí. Kò gbọdọ̀ rọ̀ sílẹ̀, bí ikọ̀ ti ń rọ̀. Mo yẹ ẹnu mi wò, mo yẹ ahọ́n mi wò. Ẹsẹ̀ ìyá mi ṣì ń mì. Mo ya ẹnu dáadáa, mo sì pè é sókè:

"Ikọ́!"

Ikọ̀ gbé ẹsẹ̀ kejì.

Nígbà náà ni eegun ẹ̀yìn ìyá mi húkọ́. Ó húkọ́ jẹ́jẹ́, bí àlejò tí ó dé ẹnu ọ̀nà tí kò fẹ́ da ilé láàmú. Ìfun dá a lóhùn. Wọ́n jọ húkọ́. Àwọn eegun yòókù gbà á lẹ́nu wọn, àwọn ìgò gbà á, pẹpẹ gbà á. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ húkọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì gbọ́ àtẹ̀gùn nísàlẹ̀, ìpele sí ìpele, tí ó ń hú gbogbo ohun tí ó ti dì í láyà láti ọdún wọ̀nyí. Ìkọ́ irin náà húkọ́, ó sì tú. Ìyá mi bọ́ sílẹ̀, ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ikọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà húkọ́ títí irun fi hù sí apá tí wọ́n fá, wọ́n wo ara wọn, wọn kò sì mọ ẹni tí ó rán wọn níṣẹ́ mọ́. Wọ́n tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ dókítà, wọ́n lọ. Ìyá Gbádébọ̀ fi gèlè bo ẹnu rẹ̀ kí ó má bàa húkọ́. Ikọ́ náà gba etí rẹ̀ jáde, ó sì fò lọ bí labalábá.

Ẹ̀rọ náà ni ó húkọ́ gbẹ̀yìn. Ó gbé ọrùn rẹ̀ sókè. Ó sì wí, pẹ̀lú ohùn tí ó gòkè bí ohùn ọmọ ilẹ̀ yìí:

"Ikọ́."

"Ó ti gbọ́ Yorùbá," ni ewúrẹ́ wí. "Mo dá ẹjọ́."

Bàbá Àdìó bọ́ fìlà. "Ìbúra kọ́," ni ó wí, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè gbọ́. "A rí ẹ̀yìn, a pè é ní èpè kan. A rí ikùn, a pè é ní èpè kejì. Àìsàn kan ṣoṣo ni. Ìyàwó wa kò jẹ̀bi ara rẹ̀."

"Ìlẹ̀kẹ̀ ńkọ́?" ni Ìyá Gbádébọ̀ bèèrè. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

Ìyá mi wò ó. "Mo ti búra, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Láti ìgbà náà ni ẹnu mi ti mọ́."

Ìyá Gbádébọ̀ kò tún bèèrè. Ó tú okùn ọrùn ewúrẹ́, ó sì so ó mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Mo gbọ́ tí eegun ń dún bí ẹni ń to bíríkì. Àwọn ìpele tí ó rún ń kún, wọ́n ń le, wọ́n ń gun ara wọn. Bí wọ́n ti ń gùn ni ìyá mi ń nà. Ó nà kọjá èjìká mi, ó nà kọjá fìlà tí Bàbá Àdìó tún dé, ó sì gbé orí sókè, ó wo àjà, ó wo ògiri, ó wo ojú mi. Ikùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Fẹ̀yìntọlá ni orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ti ń fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ fún un, pé ọlá wo ni ẹlẹ́yìn títẹ̀ fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó fẹ̀yìn ti ògiri ilé àyẹ̀wò náà wò. Ògiri náà gbà á.

Dókítà Ògúnṣakin gbé oògùn wá. Ó ní àìsàn náà ní oògùn, ṣùgbọ́n a kì í fi í sílẹ̀ ní ìdajì.

"Èmi ti kú ná," ni ìyá mi wí. "Ẹ bá mi pín in fún àwọn tí ó jókòó sọ́hùn-ún."

Dókítà náà jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń bèèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù ibi tí ó ń dùn ún, lẹ́yìn tàbí nínú, ó sì ń kọ ibi méjèèjì sí ojú kan. Àwọn ènìyàn ń dìde. Mo rí ọkùnrin tí ó bá mi sọ̀rọ̀ nípa ògiri. Ó dúró ṣánṣán, ó ń fọwọ́ bá ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó sì ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó wà nítòsí bóyá tòun ni.

A gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ibi tí a ti wọ́ mọ́. Àwọn eegun àti ìfun tẹ̀ lé wa, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń kọrin orúkọ ìyá mi, àwọn eegun ń lé e, àwọn ìfun ń gbè é. Ẹ̀rọ náà ń bọ̀ lẹ́yìn bí ẹṣin ọba, ó ń pe gbogbo ohun tí ó bá rí lójú ọ̀nà, òkúta, ọkọ́, adìẹ, ó sì ń fi ohùn sí i bí ó ti tọ́. A dé odò. Afárá ti dúró padà. Ìyá mi kò wo igbó tí ó wà ní òdì-kejì. Ó kọjú sí ìlú.

Gbogbo ilé tú jáde. Àwọn tí ó ti kú jáde láti inú yàrá wọn pẹ̀lú, wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́ fún un. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà láàárín wọn. Ọrùn rẹ̀ ṣófo. Ó mú ìyá mi lọ́wọ́ títí dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Ewúrẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ìyá mi wọlé, kò tẹrí ba kí ó tó wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn.

A gbọ́ tí ó ń gbá ilẹ̀. Ìró ìgbálẹ̀ náà le, ó sì já geere. Gbogbo wa dúró níta. Lẹ́yìn náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde lábẹ́ ìlẹ̀kùn. Ó mọ́, ó tutù. Bàbá Àdìó bu díẹ̀, ó bọ́jú. Ẹja kéékèèké wà nínú omi náà, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ lóòró, wọ́n gba àárín ẹsẹ̀ wa kọjá, wọ́n sì ń wọ yàrá kọ̀ọ̀kan lọ bí ẹni tí ó mọ ilé.